Kọ̀ntírólà Méjì Lórí Àpótí Ìpamọ́: Ìgbà Wo Ni Méjì Ń Jẹ́ Méjì?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí máa ń da àwọn ènìyàn láàmú, títí kan àwọn tó ti ná owó gidi lé e lórí. Ilé ìwòsàn kan, iléèwé kan, tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan á ra àpótí ìpamọ́ ńlá, èyí tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní storage. Ẹni tó tà á fún wọn á ní kọ̀ntírólà méjì, ìyẹn ọpọlọ tó ń darí àpótí náà, ló wà nínú rẹ̀, pé kí ọkàn wọn balẹ̀, bí ọ̀kan bá kú, èkejì á máa bá iṣẹ́ lọ. Wọ́n á gbé e sínú yàrá kékeré lẹ́yìn ọ́fíìsì, wọ́n á tan ẹ̀rọ amúlétutù sí i, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó di ọjọ́ kan, iná lọ, iná dé, gbogbo iṣẹ́ dúró. Lágbègbè Ilé-Ifẹ̀ sí Iléṣà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ohun tí àwọn ọ̀gá máa ń wí fún mi nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í yàtọ̀: "Ẹnjiníà, ṣebí méjì la rà?"

Méjì ni wọ́n rà. Ṣùgbọ́n bí ohun kan ṣoṣo bá lè pa méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹyọ kan ni wọ́n ní, owó méjì ni wọ́n kàn san. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ìyẹn lọ. Ìyókù jẹ́ bí a ṣe ń wá ohun kan ṣoṣo ọ̀hún rí, ibi tó máa ń fara pamọ́ sí, àti bí a ṣe ń yọ ọ́ kúrò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tọ ọ̀nà tí àkọsílẹ̀ ń gbà. Nọ́ọ̀sì kan tẹ orúkọ aláìsàn sórí kọ̀ǹpútà nílé ìwòsàn kan ní Lágere. Ohun tó tẹ̀ kò dúró sórí kọ̀ǹpútà iwájú rẹ̀. Ó gba inú wáyà lọ bá sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo àwọn yòókù ń bá sọ̀rọ̀. Sáfà ní káàdì kan lẹ́yìn rẹ̀ tó fi ń bá àpótí ìpamọ́ sọ̀rọ̀. Láti ara káàdì yẹn, ó tún gba wáyà mìíràn, ó lè gba inú súìṣì kọjá, ìyẹn ẹ̀rọ tí wáyà àwọn kọ̀ǹpútà ti ń pàdé, kó tó kan kọ̀ntírólà. Kọ̀ntírólà ló wá ń pinnu dísìkì tí wọ́n máa kọ ọ́ sí. Káàdì, wáyà, súìṣì, kọ̀ntírólà, dísìkì, pẹ̀lú iná tó ń bọ́ gbogbo wọn: èyíkéyìí tó bá jẹ́ ẹyọ kan nínú wọn, lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́, nọ́ọ̀sì yẹn á padà sídìí bébà.

Dísìkì ni àwọn ènìyàn tètè máa ń ronú kàn. Lọ́dún 1988, David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz ní Yunifásítì California, Berkeley, kọ àlàyé kan jáde tó fún ọ̀nà àbáyọ ti dísìkì ní orúkọ tí a ṣì ń pè é títí dòní, ìyẹn RAID. A ó kó dísìkì olówó pọ́ọ́kú púpọ̀ jọ, a ó pín àkọsílẹ̀ sára wọn, a ó sì fi àfikún kan sí i tí a lè fi tún èyí tó wà lórí dísìkì tó kú ṣe. RAID 1 ń kọ ohun kan náà sórí dísìkì méjì. RAID 5 lè fara da ikú dísìkì kan, RAID 6 lè fara da ti méjì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń sinmi. Àmọ́ ta ló ń ṣe gbogbo ìṣirò RAID yìí? Kọ̀ntírólà ni. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́ kọ̀ǹpútà kékeré kan, tó ní ọpọlọ, tó ní mẹ́mórì, tó sì ní sọ́fíwíà tirẹ̀. Bí dísìkì 24 bá wà láàyè kiri, tí kọ̀ntírólà kan ṣoṣo tó mọ bí àkọsílẹ̀ ṣe pín sára wọn bá kú, àkọsílẹ̀ wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè dé ìdí rẹ̀.

Sítọ́ọ̀ kòkó ni mo máa ń fi ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tí kì í ṣe oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, torí kò sẹ́ni tó dàgbà níbí tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ fojú inú wo sítọ́ọ̀ ńlá kan ní Ifẹ̀tẹ̀dó tó kún fún àpò kòkó. Àwọn àpò ni dísìkì. Akọ̀wé sítọ́ọ̀ ni kọ̀ntírólà: ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà, òun ló mọ ibi tí àpò oníbàárà kọ̀ọ̀kan wà, òun ló ń kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde sínú ìwé. Bí akọ̀wé kan ṣoṣo yìí bá ṣàìsàn, kòkó ò sọnù, ṣùgbọ́n ẹni tó wá gbé kòkó rẹ̀ á padà lọ́wọ́ òfo. Ni wọ́n bá gba akọ̀wé kejì. Kí akọ̀wé kejì yìí tó lè wúlò, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ sí ilẹ̀kùn kan náà. Ohun tí ọ̀kan bá sì kọ sínú ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé èkejì lójú ẹsẹ̀, kó má lọ jẹ́ pé ẹni tó ṣàìsàn ti gbé ìwé lọ sílé. Àwọn oníbàárà náà sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àwọn lè lọ bá ẹnì kejì. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú gbogbo èyí, owó oṣù lásán ni wọ́n ń san fún akọ̀wé kejì.

Kọ́kọ́rọ́ yẹn, lára dísìkì ló wà. Dísìkì tí wọ́n ń pè ní SAS ní ẹnu méjì: kọ̀ntírólà kìíní ń gba ẹnu kan wọlé, èkejì ń gba ẹnu kejì. Dísìkì SATA, irú èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà ilé, ẹnu kan ló ní. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ra àpótí tó dáa, tí wọ́n wá ní kí wọ́n fi dísìkì SATA sí i nítorí pé ó dínwó. Àyàfi bí ohun èlò kékeré tó ń sọ ẹnu kan di méjì bá wà lára dísìkì bẹ́ẹ̀, kọ̀ntírólà kan ṣoṣo ló máa lè dé ìdí rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè irú dísìkì tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹ jọ fọwọ́ sí.

Ti ìwé akọ̀wé ló le jù láti lóye, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Bí sáfà bá ní kí wọ́n kọ nǹkan sílẹ̀, kọ̀ntírólà kì í sábà dúró kí dísìkì kọ ọ́ tán kó tó dáhùn, torí dísìkì ò yára tó mẹ́mórì. Yóò gbà á sínú mẹ́mórì tirẹ̀, níbi tí wọ́n ń pè ní káàṣì, yóò dá sáfà lóhùn pé òun ti kọ ọ́, lẹ́yìn náà ni yóò wá rọra kọ ọ́ sórí dísìkì. Ìdí nìyí tí àpótí ìpamọ́ fi máa ń yá. Ewu rẹ̀ ni pé fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, ohun tí sáfà gbà pé ó ti wà lákọsílẹ̀ kò tíì sí lórí dísìkì kankan. Bí iná bá lọ lákòókò yẹn, tí mẹ́mórì sì gbàgbé, ìwé owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè sọ ohun kan lónìí, kó sọ òmíràn lọ́la.

Ohun méjì ló ń dáàbò bo káàṣì. Àkọ́kọ́ ni bátìrì, tó ń mú kí mẹ́mórì rántí nǹkan fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí iná bá lọ. Nínú àwọn àpótí tuntun, ohun kan tó ń tọ́jú iná pamọ́ díẹ̀ ló ń jẹ́ kí kọ̀ntírólà ráyè da gbogbo ohun tó wà nínú káàṣì sórí flash, ìyẹn irú mẹ́mórì tí kì í gbàgbé nǹkan bí iná bá lọ, kó tó sùn. Èkejì ni pé kọ̀ntírólà kọ̀ọ̀kan ń kọ ẹ̀dà káàṣì rẹ̀ sínú mẹ́mórì ti ẹnì kejì rẹ̀ kó tó dá sáfà lóhùn. Bí kọ̀ntírólà kìíní bá kú lójijì, ohun tí kò tíì kọ sí dísìkì wà lọ́wọ́ èkejì, èkejì á sì parí ẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ọ̀kan bá kú. Èyí tó kù kò ní ẹnì kejì tó lè fún ní ẹ̀dà mọ́. Ọ̀pọ̀ àpótí á torí ìyẹn pa dà sí ọ̀nà ìṣọ́ra: kò ní dáhùn mọ́ títí dísìkì fi máa kọ nǹkan tán. Iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ bí bátìrì bá ti gbó. Àwọn òṣìṣẹ́ á ní ẹ̀rọ ń wọ́, ẹnì kan tó mọ ọ̀nà díẹ̀ á wọlé sínú ètò, á sì fipá mú un láti máa dáhùn kíákíá bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, láìka bátìrì sí. Mo bẹ yín, ẹ má ṣe é. Ẹ̀rọ tó ń wọ́ ń sọ fún yín pé ààbò kan ti lọ. Bí ẹ bá fipá mú un sáré, àkọsílẹ̀ tí ò ní ìdáàbòbò lẹ fi ń sáré yẹn. Ooru ló máa ń tètè pa àwọn bátìrì yìí, ooru sì pọ̀ nínú àwọn yàrá wa, pàápàá níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń gbé sáfà ṣùgbọ́n tí kò lè gbé ẹ̀rọ amúlétutù. Bí àwọn tó ṣe àpótí bá ní ẹ pààrọ̀ bátìrì lẹ́yìn ọdún báyìí báyìí, ẹ má dúró di ọjọ́ tó máa kú.

Ti àwọn oníbàárà, ìyẹn àwọn sáfà, ni ibi tí mo ti ń rí àṣìṣe jù, nítorí kò sí nínú àpótí rárá, inú sáfà ló wà. Sáfà tó bá ní wáyà méjì lọ sí kọ̀ntírólà méjì yóò rí dísìkì kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Lórí Linux, ọ̀kan lára àwọn sọ́fíwíà tó ń darí sáfà, ó lè fara hàn bí sdb àti sdc, bí ẹni pé dísìkì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Bí ẹ bá kàn mú sdb, tí ẹ ń lò ó, ọ̀nà kan ṣoṣo lẹ̀ ń lò; lọ́jọ́ tí kọ̀ntírólà tó wà lójú ọ̀nà yẹn bá kú, sáfà á dúró, bí ọ̀nà kejì tilẹ̀ wà níbẹ̀ láìní àbùkù. Bí ẹnì kan bá tún ṣèèṣì ń kọ nǹkan sí sdb àti sdc pọ̀, yóò ba àkọsílẹ̀ jẹ́. Sọ́fíwíà tó ń so àwọn ọ̀nà yìí pọ̀ di ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní multipath. Lórí Linux, ẹ gbọ́dọ̀ fi sí i kí ẹ sì tàn án. Lórí Windows Server, MPIO ni orúkọ rẹ̀, kì í sì í wà ní títàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ fi kún un fúnra yín. Lórí ESXi ti VMware, ó ti wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń lo Linux lè tẹ multipath -ll, kó sì ka iye ọ̀nà tó rí. Bí sáfà bá ní káàdì méjì, tí súìṣì méjì wà, tí káàdì kọ̀ọ̀kan sì lè dé ọ̀dọ̀ kọ̀ntírólà méjèèjì, ó kéré tán, ọ̀nà mẹ́rin ló yẹ kó rí. Bó bá rí méjì, ọ̀nà méjì ti sọnù níbì kan.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀nà ló dọ́gba o. Nínú ọ̀pọ̀ àpótí tí owó wọn mọ níwọ̀n, kọ̀ntírólà kọ̀ọ̀kan ló ni ìpín tirẹ̀ lórí dísìkì. Bí ìbéèrè bá gba ọ̀dọ̀ èyí tí kì í ṣe olówó ìpín náà wọlé, yóò gbà á, ṣùgbọ́n yóò ní láti taari rẹ̀ sí olówó rẹ̀, ìyẹn á sì fa ìdádúró díẹ̀. ALUA ni orúkọ ìlànà tí kọ̀ntírólà fi ń sọ fún sáfà pé ọ̀nà yìí ló yá, ọ̀nà yẹn wà fún ìgbà ìṣòro. Bí sáfà kò bá gbọ́ ALUA, tàbí tí ẹni tó ṣètò àpótí bá yan irú sáfà tí kì í ṣe èyí tí ẹ ní, ìpín kan lè máa fò láti ọ̀dọ̀ kọ̀ntírólà kan sí èkejì ní gbogbo ìgbà, tí iṣẹ́ á máa wọ́ láìsí ohun tó bàjẹ́. Àwọn àpótí kan tún wà tó jẹ́ pé kọ̀ntírólà kan ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́, èkejì kàn jókòó tì í. Ìyẹn kò burú. Kódà, ó rọrùn fún ẹni tí kò ní òṣìṣẹ́ púpọ̀ láti lóye.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé bí kọ̀ntírólà méjèèjì bá jọ ń ṣiṣẹ́, ó máa ń wu ènìyàn láti lo gbogbo agbára wọn. Oṣù díẹ̀ sí i, ọ̀kan ti ń ṣe ìdá 70 nínú 100 ohun tó lè ṣe, èkejì náà bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀kan bá kú, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ gbé 140 lé lórí yẹn. Àwọn àgbà ní ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Nídìí iṣẹ́ yìí, ẹrù tí ọwọ́ kan ò bá lè gbé dórí, ẹ má gbé e. Kí iṣẹ́ tó wà lọ́rùn kọ̀ntírólà kọ̀ọ̀kan má kọjá ìdajì agbára rẹ̀ lákòókò tí iṣẹ́ pọ̀ jù. Bó bá ti ń kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ ti ń jẹ owó ààbò yín.

Wàyí o, iná. Ká ní ìṣeéṣe pé kí kọ̀ntírólà kan kú láàárín ọdún kan jẹ́ 1 nínú 100. Bí méjèèjì kò bá ní ohunkóhun pọ̀, ìṣeéṣe pé kí àwọn méjèèjì kú nínú ọdún kan náà jẹ́ 1 nínú 10,000. Ohun tí ènìyàn ń ra nìyẹn. Ká wá ní púlọ́ọ̀gì méjèèjì tí àpótí ní wà lórí ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n kan, tí ìṣeéṣe pé kó jóná láàárín ọdún jẹ́ 1 nínú 20. Gbogbo ìṣirò 10,000 yẹn ti di asán; 1 nínú 20 lẹ ní lọ́wọ́. Àwọn nọ́ńbà yìí, àpẹẹrẹ ni mo fi wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n bí ìṣirò ṣe ń lọ nìyẹn níbi gbogbo.

Púlọ́ọ̀gì méjì lórí ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n kan ni mo máa ń kọ́kọ́ wá bí mo bá wọ yàrá sáfà, mo sì máa ń rí i. Àpótí tó ní kọ̀ntírólà méjì máa ń ní ibi ìgbanáwọlé méjì lẹ́yìn, èyíkéyìí nínú wọn lè dá gbé gbogbo rẹ̀. Ẹ fi ọ̀kan sí UPS kan, ìyẹn ẹ̀rọ oníbátìrì tó ń gbé iná ró fún ìgbà díẹ̀ bí iná bá lọ, ẹ fi èkejì sí UPS mìíràn. Bí UPS kan ṣoṣo lẹ ní, ẹ má fi méjèèjì sí i. Ẹ fi ọ̀kan sí UPS, ẹ jẹ́ kí èkejì gba inú sìtẹ́bíláísà lọ sí ògiri, nítorí UPS fúnra rẹ̀ a máa kú, ó sì máa ń kú lójijì. Bí ilé yín bá ní féèsì mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí ọ̀nà iná méjèèjì wá láti orí féèsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Súìṣì méjì náà, bákan náà: ẹ má so súìṣì méjì mọ́ UPS kan kí ẹ wá ní ẹ ní súìṣì méjì. Bó bá jẹ́ iSCSI lẹ ń lò, ìyẹn ìlànà tí sáfà fi ń gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lásán bá àpótí sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní ìdílé nọ́ńbà àdírẹ́sì tirẹ̀, bí 192.168.10 fún ọ̀kan àti 192.168.20 fún èkejì, kí ìdàrúdàpọ̀ tó bá wọ ọ̀kan má ràn mọ́ èkejì.

Àwọn nǹkan kan wà tí a ò lè sọ di méjì nínú àpótí kan. Pátákó tí àwọn kọ̀ntírólà méjèèjì àti gbogbo dísìkì jọ so mọ́ láàárín, ẹyọ kan ni. Kì í sábà bàjẹ́, torí kò ní ohun tó ń yí lára, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ni. Sọ́fíwíà inú kọ̀ntírólà, tí wọ́n ń pè ní firmware, ẹ̀dà kan náà ló wà nínú méjèèjì, ó sì gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́ ara wọn; àbùkù tó bá wà nínú rẹ̀, àwọn méjèèjì ló jọ ní in. Yàrá kan náà ni wọ́n wà pẹ̀lú. Kò sí kọ̀ntírólà kejì tó lè gba àpótí lọ́wọ́ òrùlé tó ń jò lóṣù keje.

Ohun tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù ni pé ìgbà tí wọ́n bá ń tún un ṣe gan-an ni ewu máa ń pọ̀. Lóṣù kẹjọ ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà, àpótí ìpamọ́ ńlá kan tí wọ́n fi ààbò méjì méjì kọ́ dákẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n fọwọ́ kan káàdì mẹ́mórì inú rẹ̀ láti tún un ṣe. Iléeṣẹ́ ìjọba 26 ló fara gbá a, àwọn tó fẹ́ gba ìwé ìwakọ̀ sì dúró fún ọjọ́ púpọ̀. Owó ò wọ́n àwọn yẹn, ìmọ̀ ò sì wọ́n wọn. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ yọ nǹkan kan tàbí tún firmware ṣe, ẹ ṣe é nígbà tí iṣẹ́ kò pọ̀, ẹ ṣe kọ̀ntírólà kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì ti kó ẹ̀dà àkọsílẹ̀ pamọ́ síbòmíràn kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ẹ̀dà tí mo sọ yẹn, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní backup, kọ̀ntírólà méjì kò lè rọ́pò rẹ̀. Bí akọ̀wé bá pa orúkọ 300 akẹ́kọ̀ọ́ rẹ́ nípa àṣìṣe, kọ̀ntírólà méjèèjì á jọ pa á rẹ́ ní ìṣọ̀kan, láìyọ ẹyọ kan sílẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ kan ní GitLab, iléeṣẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ sọ́fíwíà ń tọ́jú iṣẹ́ wọn sí, pa fódà àkọsílẹ̀ rẹ́ lórí sáfà tí kì í ṣe èyí tó ní lọ́kàn. Àkọsílẹ̀ nǹkan bí wákàtí 6 ló sọnù, ìgbà tí wọ́n sì wá ẹ̀dà lọ, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ nínú ọ̀nà tí wọ́n gbà pé àwọn fi ń kó o pamọ́ kò ṣiṣẹ́. Ibi tí a wà yìí rọrùn fún kíkó ẹ̀dà pamọ́ síbòmíràn. Ilé-Ifẹ̀ sí Iléṣà kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ. Ilé ìwòsàn tó bá ní ẹ̀ka níhìn-ín lè máa gbé ẹ̀dà rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lọ sí ọ̀hún, lórí dísìkì lásán bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń fún wọn níṣòro.

Ìdí nìyí tí èmi kì í fi í sọ fún gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n ra kọ̀ntírólà méjì. Ẹ̀rọ tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ìdá 99.9 nínú 100 àkókò inú ọdún kan á dákẹ́ fún nǹkan bí wákàtí 9 lọ́dún. Èyí tó bá wà ní ìdá 99.999 á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú 5 lé díẹ̀. Iléèwé aládàáni kan ní Mọ̀rẹ̀ lè fara da wákàtí 9, àwọn òbí á kàn padà wá lọ́jọ́ kejì. Irú iléèwé bẹ́ẹ̀, kí ó kọ́kọ́ ra UPS tó dáa àti dísìkì tó máa fi kó ẹ̀dà pamọ́. Ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn tí dókítà ti ń wo irú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn lórí kọ̀ǹpútà lóru kò lè fara dà á. Ibẹ̀ ni kọ̀ntírólà méjì ti tó owó rẹ̀.

Bí ẹ bá ti wá ní in, ẹ má jẹ́ kó kú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbọ́. Ikú tó ń da ilé rú jù ni ti kọ̀ntírólà kìíní tó kú ní oṣù kejì, tí èkejì sì gba iṣẹ́ dáadáa débi pé kò sẹ́ni tó mọ̀, títí èkejì náà fi kú ní oṣù kọkànlá. Ìmọ́lẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú ti ń tàn níbẹ̀ láti oṣù kejì, inú yàrá tí wọ́n tì ni. Ẹ ṣètò kó máa fi ìwé ránṣẹ́ sórí ímeèlì bí nǹkan bá ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé ìyẹn nìkan, torí íntánẹ́ẹ̀tì lè má sí lọ́jọ́ náà. Ẹ yan ẹnì kan, kí ó máa ṣí ilẹ̀kùn láràárọ̀, kó wo ìmọ́lẹ̀, kó sì fọwọ́ sí ìwé pé òun wò ó.

Ó wá ku ìdánwò, èyí tí ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù. Ẹ ṣe é kí àpótí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi, nígbà tí kò tíì sí àkọsílẹ̀ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ní òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ jẹ́ kí sáfà máa kọ nǹkan lọ láìdúró. Ẹ yọ wáyà kan kúrò lẹ́yìn sáfà, ẹ wo bóyá ó dúró. Ẹ so ó padà. Ẹ pa UPS kan. Ẹ tàn án padà. Ẹ wá pa súìṣì kan, lẹ́yìn náà kí ẹ yọ kọ̀ntírólà kan gẹ́gẹ́ bí ìwé àwọn tó ṣe é ṣe là á kalẹ̀. Sáfà lè dákẹ́ díẹ̀ kó tó gba ọ̀nà kejì. Linux máa ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30 kó tó gbà pé ìbéèrè kan kò ní rí ìdáhùn, nítorí náà ẹ má jáyà bí kò bá tètè sọ̀rọ̀, ẹ kàn kọ iye àkókò tó lò sílẹ̀. Bí ẹ bá so kọ̀ntírólà padà, ẹ má tíì fa èkejì yọ. Yóò kọ́kọ́ ṣí, yóò gba ẹ̀dà káàṣì lọ́wọ́ ẹnì kejì rẹ̀, yóò sì gba ìpín tirẹ̀ padà, èyí tó lè gba ìṣẹ́jú púpọ̀, àwọn àpótí míì kì í sì í gba ìpín padà àfi tí ènìyàn bá pàṣẹ fún un. Ẹ dúró kí ojú ewé tí ẹ fi ń ṣètò àpótí lórí kọ̀ǹpútà sọ pé àwọn méjèèjì ti wà ní àlàáfíà, kí multipath -ll sì tún fi gbogbo ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn, kí ẹ tó fọwọ́ kan ìkejì.